Ọmọ Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Anfield, Eérú ní Old Trafford

Bí iná bá kú, á fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, á fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ibi ìsìnkú àgbà la ti sábà máa ń gbọ́ òwe yìí, nígbà tí wọ́n bá ń ṣìpẹ̀ fún àwọn ọmọ olóògbé. Ó ti mọ́ wa lẹ́nu débi pé a kì í bi ara wa léèrè ìdí tí àwọn àgbà fi so iná pọ̀ mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ogún tí kálukú wọn fi sílẹ̀ kò jọra rárá. Eérú kò lè se ọbẹ̀. Ẹ̀rí lásán ni pé iná jó níbẹ̀ rí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní tirẹ̀ kì í dúró dọjọ́ ikú kó tó wá arọ́pò. Ìyá ṣì wà lóòró tí ọmọ ti ń ta sókè nídìí rẹ̀.

Mo fẹ́ gbé òwe náà lọ sórí pápá bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí kò síbi tí ọ̀rọ̀ arọ́pò ti ń dójú ti àwọn ọlọ́lá tó bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2013, Alex Ferguson kéde pé òun ń fẹ̀yìn tì ní Manchester United, àwọn tó ni pápá Old Trafford. Láti oṣù kọkànlá ọdún 1986 ló ti ń kọ́ wọn. Ife 38 ló gbà fún wọn, 13 nínú rẹ̀ jẹ́ ti líìgì. Sáà tó fi dágbére gan-an, òun ló gba líìgì, ó sì fi àmì 11 ta Manchester City yọ. Ta ni yóò rí irú ilé bẹ́ẹ̀ tí yóò sọ pé òrùlé rẹ̀ ń jò? Ṣùgbọ́n ẹ wo inú yàrá. Ryan Giggs ti di ẹni ọdún 39, Rio Ferdinand ti pé 34. Paul Scholes fẹ̀yìn tì ní sáà kan náà pẹ̀lú ọ̀gá rẹ̀. Robin van Persie, tí góòlù 26 rẹ̀ fa ife náà wálé, kù díẹ̀ kó pé 30. David Gill, tó ń bá wọn ṣètò owó àti ríra agbábọ́ọ̀lù, kó ẹrù tirẹ̀ náà lọ lọ́dún yẹn.

David Moyes, kóòṣì Everton, ni Ferguson fọwọ́ sí pé kó rọ́pò òun. Àdéhùn ọdún mẹ́fà ni wọ́n bá a ṣe. Nígbà tó dé, àwọn tó ti ń ran Ferguson lọ́wọ́, Mike Phelan, René Meulensteen àti Eric Steele, bá ọ̀nà tiwọn lọ, Moyes sì kó àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Everton wá. Ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹrin ọdún 2014 ni wọ́n lé e, kò tíì lo ọdún kan. Ipò keje ni ẹgbẹ́ náà parí sí. Nílé ìwòran bọ́ọ̀lù tiwa níhìn-ín, kò sí èébú tí wọn kò bú Moyes tán. Èmi ò ní gbè é lẹ́yìn pátápátá, nítorí ẹni tó bá palẹ̀ àwọn tó mọ ojú ilé mọ́ kò gbọ́dọ̀ bínú bí ó bá ṣìnà. Síbẹ̀, eérú ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́, wọ́n ní kó fi dáná. (Ferguson fúnra rẹ̀ lo ọdún mẹ́ta àbọ̀ kó tó gba ife àkọ́kọ́ níbẹ̀, ní 1990. Àwọn aláṣẹ ìgbà yẹn ní sùúrù.)

Ẹ jẹ́ ká wá wo Liverpool. Nígbà tí Bill Shankly débẹ̀ ní ìparí ọdún 1959, ipele kejì ni wọ́n wà. Ó bá Bob Paisley, Joe Fagan àti Reuben Bennett lẹ́nu iṣẹ́. Kò lé ẹnikẹ́ni nínú wọn. Yàrá kóńkóló kan wà ní Anfield, pápá wọn, tí wọ́n ń kó bàtà bọ́ọ̀lù sí. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń jókòó sí lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, tí wọn á máa tú ọ̀rọ̀ ayò palẹ̀: ta ló rẹ̀, ta ló ń farapa jù, ọmọ wo ló tó gbé jáde. Nígbà tí Shankly ṣàdédé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1974, ìlú Liverpool fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣọ̀fọ̀. Wọ́n fa iṣẹ́ náà lé Paisley lọ́wọ́. Ọkùnrin náà kò fẹ́ iṣẹ́ ọ̀hún. Ṣùgbọ́n ó ti wà ní ẹgbẹ́ náà láti 1939, gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù, gẹ́gẹ́ bí olùtọ́jú ẹsẹ̀ tó dá, gẹ́gẹ́ bí igbákejì. Ọdún àkọ́kọ́, kò rí ife ńlá kankan gbà. Kó tó lọ ní 1983, ó ti gba líìgì mẹ́fà àti ife Yúróòpù mẹ́ta, ohun tí Shankly alára kò ṣe. Fagan gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gba líìgì, ife Yúróòpù àti ife Líìgì ní 1984.

Ẹnìkan lè bi mí pé: ṣé ọmọ ilé nìkan ló ń rọ́pò ni? Rárá o. Manchester United ti dán ọmọ ilé wò rí. Ní 1969, Matt Busby, tó ti ń kọ́ wọn láti 1945, tó sì gba ife Yúróòpù ní 1968, gbé iṣẹ́ lé Wilf McGuinness lọ́wọ́. Ọmọ ọdún 31 ni McGuinness, ilé náà ló ti dàgbà, àwọn tó wá di ọmọ abẹ́ rẹ̀ sì ni wọ́n jọ gbá bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n Busby kò lọ. Ó di alábòójútó àgbà. Ẹnu ta ni kí agbábọ́ọ̀lù máa wò? Kí ọdún 1970 tó parí, wọ́n ti yọ McGuinness, Busby sì padà sídìí iṣẹ́. Ní 1974, wọ́n já sí ipele kejì. Ẹ bi àgbẹ̀ tó mọ iṣẹ́: bí ìyá ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá ti so tán, wọ́n á gé e lulẹ̀, kí oòrùn lè kan ọmọ. Òwe náà sọ pé ìyá kú. Apá yẹn ni a máa ń fò. Shankly pàápàá, lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, ṣì ń lọ síbi ìgbáradì, àwọn ọmọkùnrin náà ṣì ń pè é ní ọ̀gá, ó sì ń ni Paisley lára. Nígbà tó yá, kò lọ mọ́.

Ní 2024, àjèjì ni Liverpool tún mú. Jürgen Klopp ọmọ Jámánì, tó ń kọ́ wọn nígbà náà, kéde ní oṣù kìíní pé òun ń lọ, kí wọ́n lè ráyè wá ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ ìdágbére rẹ̀ ní Anfield, òun gan-an ló dá orin orúkọ Arne Slot, àjèjì tó ń bọ̀ wá rọ́pò rẹ̀, àwọn èrò sì gbè é, kí Slot tó fẹsẹ̀ kan ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, Klopp kúrò. Àwọn tó rà ní ọdún tó ṣáájú, Mac Allister, Szoboszlai, Gravenberch, ló ti ń gbèrú lábẹ́ àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù bíi Salah àti Van Dijk. Slot fẹ́rẹ̀ẹ́ má ra ẹnikẹ́ni kún wọn. Chiesa nìkan ni ojú tuntun tó wọlé sábẹ́ rẹ̀ ní sáà náà. Nítorí náà, ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo ń wí kò di dandan kó jẹ́ kóòṣì. Iṣẹ́ tó ti dúró kí ẹni tó ń lọ tó lọ ni. Ẹni tó ń lọ àti àwọn aláṣẹ ló ni ẹ̀bi bí kò bá sí. Ẹni tó ń bọ̀ kọ́.

Slot gba líìgì ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀, ó sọ ti Liverpool di 20, wọ́n bá Manchester United dọ́gba. Ipò kẹẹ̀ẹ́dógún ni Manchester United wà ní sáà yẹn.