ÒBÌRÌKÌTÌ OJÚ Ọ̀RUN NÍ ÍŃDÍÀ ÀTIJỌ́: OHUN ÈLÒ ÌWỌ̀N TÀBÍ OHUN ÈLÒ ÌKỌ́NI?

Àwọn òǹkọ̀wé kan a máa fi gola, òbìrìkìtì tí àwọn ará Íńdíà àtijọ́ fi ń ṣàfihàn ojú ọ̀run, wé irú èyí tí Ptolemy fi wọn ipò ìràwọ̀; wọn a sì ní kò péye tó. Èrò tiwa nínú bébà yìí ni pé ìdájọ́ náà kò tọ́, nítorí iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni wọ́n dìídì ṣe gola fún.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí a ṣe ń ṣe é. Igi ni a fi ń gbẹ́ ayé sí àárín, ọ̀pá kan a sì gba inú rẹ̀ kọjá. Ọparun tí a là wẹ́wẹ́ ni a ń tẹ̀ ní òrùka yí i ká: ọ̀kan fún ọ̀nà oòrùn, òmíràn fún ti òṣùpá. Ìwé Surya Siddhanta sọ ọ́ gbangba pé nítorí ẹ̀kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni olùkọ́ ṣe ń ṣe é. Ní ti ìwọ̀n àkókò, ìwé kan náà dárúkọ abọ́ bàbà tí a lu nídìí, tí í rì sínú omi ní ìgbà 60 láàárín ọ̀sán àti òru kan.

Ẹ̀rí tó lágbára jù wà lọ́wọ́ Aryabhata, ẹni tó kọ Aryabhatiya ní 499. Ó ní kí a fi igi fúyẹ́ ṣe òbìrìkìtì tó dọ́gba yíká, kí a sì fi mákúrì, òróró àti omi mú un yí bí àkókò ṣe ń lọ. Àwọn tó ṣàlàyé ìwé rẹ̀ lẹ́yìn náà ní omi yóò máa jò díẹ̀díẹ̀ nínú ìkòkò. Akèrègbè tí mákúrì wà nínú rẹ̀ yóò máa bá omi náà lọ sílẹ̀, okùn rẹ̀ yóò sì máa fa òbìrìkìtì yí. Síbẹ̀, Aryabhata yìí kan náà gbà pé ayé ni ó ń yí, kì í ṣe ìràwọ̀. Ó fi ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi ṣe àpẹẹrẹ, tí ohun tó dúró gbọn-in ń jọ bí ẹni pé ó ń padà sẹ́yìn lójú rẹ̀. Kí ló dé tó fi wá ní kí a ṣe ọ̀run tó ń yí? Ìdáhùn wa ni pé ohun tí ojú ń rí ni gola ń fi hàn, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè ti ibẹ̀ ronú síwájú.

A kò sẹ́ pé Bhaskara, nínú ìwé rẹ̀ ti 1150, ṣàlàyé bí a ṣe lè fi gola mọ àkókò. Ṣùgbọ́n Bhaskara náà ló gbé làákàyè ga ju gbogbo ohun èlò lọ. Nítorí náà, kí òpìtàn tó dá ohun èlò kan lẹ́jọ́, ó yẹ kó kọ́kọ́ bèèrè ohun tí àwọn tó ṣe é fẹ́ kó ṣe.