Ẹni tí Wọ́n Sáré Pè Padà ní Pápákọ̀ Òfurufú

Púpọ̀ nínú yín ló ti jókòó rí níbi tí a ti ń fọ̀rọ̀ wá àwọn tó ń wáṣẹ́ lẹ́nu wò, ẹ sì mọ bó ṣe máa ń fọ́ni lórí tó. Ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe ṣe tiwọn ní Yunifásítì Duke, ní North Carolina, Amẹ́ríkà, ní 1980.

Bọ́ọ̀lù agbọ̀n kì í ṣe eré ọmọdé níbẹ̀ yẹn. Ní 1978, Bill Foster gbé ẹgbẹ́ náà dé àṣekágbá, kí Kentucky tó nà wọ́n ní 94 sí 88. Nígbà tí Foster wá kó ẹrù rẹ̀ lọ sí South Carolina, ọ̀ràn dọwọ́ Tom Butters, ọ̀gá eré ìdárayá.

Àwọn tí ojú ń wò ni Bob Weltlich ti Mississippi, Paul Webb ti Old Dominion, àti Bob Wenzel, igbákejì Foster. (W ni gbogbo wọn, àbí ẹ ò rí nǹkan!) Steve Vacendak, igbákejì Butters, ló mú orúkọ mìíràn wá: Mike Krzyzewski. Ẹ má bi mí bí wọ́n ṣe ń pè é. Ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Duke pàápàá ní láti kọ ọ́ sí àkọlé pé kì í ṣe àṣìtẹ̀.

Ẹni ọdún 33 ni, West Point, ilé-ẹ̀kọ́ ológun, ló ti ń ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá. Láàárín ọdún 5, ó borí nígbà 73, wọ́n nà án nígbà 59. Ọdún tó gbẹ̀yìn ló wá burú jù: 9 péré ló borí, ó pàdánù 17. Ká sòótọ́, bó bá jẹ́ èmi ni, ìsàlẹ̀ pátápátá ni fáìlì yẹn ì bá wà. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: ọmọ tó bá jáde ní West Point, iṣẹ́ ológun ló ń lọ ṣe fún ọdún mélòó kan. Ọmọ tó ń fojú sọ́nà láti fi bọ́ọ̀lù jẹun, kí ló fẹ́ wá débẹ̀? 73 tibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ 73 ibòmíràn.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Butters fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Ọkùnrin náà wù ú, ẹ̀rù sì ń bà á. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó jẹ́ kó máa lọ sí pápákọ̀ òfurufú láìfún un níṣẹ́. Àfi bó ṣe rán Vacendak pé kó sáré lọ mú un padà wá!

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ o. Ní sáà kejì, Krzyzewski borí 10, ó pàdánù 17. Ní ẹ̀kẹta, 11 sí 17. Ní March 1983, Virginia lù wọ́n ní 109 sí 66. Àwọn ọmọ ilé-ìwé àtijọ́, irú àwa yìí náà, wà lára àwọn tó ń pariwo pé kí wọ́n lé e. Ní January 1984, Butters fi ọdún 5 kún àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀. Lójú tèmi, èyí le ju gbígbà tó kọ́kọ́ gbà á sí iṣẹ́ lọ.

Ife-ẹ̀yẹ dé ní 1991, 1992, 2001, 2010 àti 2015. Nígbà tó fẹ̀yìn tì ní 2022, ó ti borí nígbà 1,202. Jon Scheyer, tó gbá bọ́ọ̀lù fún un ní 2010, ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Nígbà náà, kò tíì ṣe olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá níbi kankan rí.