Ìsinmi etíkun ní Monrovia: Ohun tó yẹ kí ará Barnersville àti àlejò rẹ̀ ṣètò kí wọ́n tó fẹsẹ̀ bọ òkun

Ní ọjọ́ 26, oṣù Keje ọdọọdún, orílẹ̀-èdè Làìbéríà máa ń ṣe àjọ̀dún òmìnira tí wọ́n kéde ní ọdún 1847. Lẹ́yìn ayẹyẹ ìjọba, etíkun ni ọ̀pọ̀ ìdílé ní Monrovia máa ń gbà lọ, pẹ̀lú ìkòkò ìrẹsì, ẹ̀rọ orin àti àwọn ọmọ wẹ́wẹ́.

Ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀, ìyẹn ọjọ́ 25, oṣù Keje, ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ ní ọdún 2021 gẹ́gẹ́ bí àyájọ́ ìdènà ikú omi lágbàáyé. Ọjọ́ méjèèjì kàn ṣe kòńgẹ́ ara wọn ni, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tó ń múra etíkun fi ti àkọ́kọ́ ro ti ìkejì.

Ìdí ni pé ìgbà tí ìsinmi ńlá yìí bọ́ sí gan-an ni òkun Monrovia máa ń le jù lọ́dún. Ìgbafẹ́ etíkun dùn, ó sì yẹ ìdílé tó ti ṣiṣẹ́ kára. Àmọ́ ètò rẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí oúnjẹ. Orí omi ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Barnersville kò sí létíkun

Barnersville jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àdúgbò ńlá tó so mọ́ Monrovia ní agbègbè Montserrado. Ilẹ̀ àbàtà ló wà nítòsí rẹ̀, kì í ṣe òkun. Nítorí náà, ọmọ tó dàgbà níbẹ̀ kò lè mọ ìwà òkun bí ọmọ apẹja ní West Point tàbí New Kru Town ṣe mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ti lúwẹ̀ẹ́ nínú omi tó dúró jẹ́ẹ́ lè rò pé òun ti gbówọ́, àmọ́ ọ̀tọ̀ ni ti omi tó ń ru.

Somalia Drive ni ọ̀nà tí ará Barnersville máa ń gbà jáde. Ìjọba Jàpáàn ló ṣèrànwọ́ owó láti tún ọ̀nà náà ṣe. Ó so Freeport, tó jẹ́ èbúté ọkọ̀ ojú omi, pọ̀ mọ́ Red Light ní Paynesville. Bí ẹ bá yà sí apá Freeport, ẹ óò bọ́ sí Bushrod Island. Bí ẹ bá yà sí apá Red Light, ọ̀nà ELWA àti ti pápákọ̀ òfurufú ni ẹ óò bá lọ.

Orúkọ ọkọ̀ níbẹ̀ kò ní ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Kehkeh ni wọ́n ń pe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, pehn-pehn sì ni ọ̀kadà. Ẹ bá awakọ̀ ṣàdéhùn àlọ àti àbọ̀ kí ọjọ́ náà tó pé, nítorí pé ẹni tí kò ní ọkọ̀ àbọ̀ ni ilẹ̀ máa ń ṣú bá létíkun.

Ìgbà wo ló dára jù láti lọ?

Monrovia wà lára àwọn olú ìlú tí òjò ń rọ̀ sí jù lágbàáyé. Òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún ju 4,000 mílímítà lọ, ti Èkó kò sì tó ìdajì rẹ̀. Láti oṣù Karùn-ún títí dé oṣù Kẹwàá ni ìgbà òjò, oṣù Kẹfà àti oṣù Keje ló sì máa ń pọ̀ jù.

Òjò nìkan kọ́ ni ìṣòro. Ní àwọn oṣù wọ̀nyí kan náà, ìgbà òtútù ni ní apá gúúsù ayé. Ìjì líle tó ń jà lórí òkun Atlantic lọ́hùn-ún máa ń ru ìgbì sókè, ìgbì náà yóò sì rin ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà kó tó fọ́ sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìdí nìyí tí òkun fi lè máa bínú ní ọjọ́ tí atẹ́gùn kò fẹ́ rárá ní Monrovia.

Àwọn ará Èkó náà mọ èyí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012, òkun ya wọ etíkun Kuramo ní Victoria Island, ó sì gbé àwọn ènìyàn lọ pẹ̀lú àgọ́ tí wọ́n ń gbé.

Bí ẹ bá lè yan ọjọ́ fúnra yín, ẹ yan ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù Kọkànlá dé oṣù Kẹrin. Ọdún Kérésìmesì àti ọdún tuntun bọ́ sí àsìkò yìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ 15, oṣù Kẹta, tí Làìbéríà máa ń gba ìsinmi láti fi ṣe ìrántí ọjọ́ ìbí Joseph Jenkins Roberts, Ààrẹ àkọ́kọ́ orílẹ̀-èdè náà.

Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ 26, oṣù Keje nìkan ni iṣẹ́ fi yín sílẹ̀, ẹ lọ, ṣùgbọ́n kí gbogbo ilé ti fohùn ṣọ̀kan pé orí iyanrìn ni ìgbafẹ́ náà yóò ti wáyé. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni kí ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ nílé, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n bá ti ń sáré lọ sínú omi.

Etíkun wo ni kí ẹ lọ?

Ní apá Paynesville, etíkun ELWA gbajúmọ̀. Ó gba orúkọ rẹ̀ lára ilé iṣẹ́ rédíò àwọn míṣọ́nnárì tó bẹ̀rẹ̀ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ní ọdún 1954. Lójú ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú, Thinker's Village àti Kendeja wà níbẹ̀. Kendeja ni Robert Johnson, oníṣòwò ọmọ Amẹ́ríkà tó dá iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n BET sílẹ̀, ti ṣí ilé ìtura ńlá kan ní ọdún 2009.

Ẹni tó ní ọjọ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè lọ sí Robertsport ní agbègbè Grand Cape Mount, nítòsí ààlà Sierra Leone. Adágún omi Piso wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú náà. Àwọn tó ń fi pákó gun ìgbì ń ti òkè òkun wá síbẹ̀ nítorí pé ìgbì rẹ̀ ga, ó sì gùn. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ohun tó fa àwọn ògbóǹtarìgì wá síbẹ̀ ni ohun tó yẹ kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ máa wò láti òkèèrè.

Ẹ yẹra fún ẹnu odò, pàápàá lẹ́yìn òjò. Odò Saint Paul àti Mesurado ń ṣàn wọ òkun ní Monrovia, wọ́n sì ń gbé ìdọ̀tí ìlú lọ́wọ́. Ibi tí omi odò ti pàdé òkun tún máa ń ní ìṣàn tó lágbára.

Ẹ má sì fi ìrántí ọdún pípẹ́ ṣe atọ́nà. Òkun ti jẹ ilẹ̀ púpọ̀ ní West Point àti New Kru Town, ó sì ti gba ilé lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé. Iyanrìn tí àwọn ènìyàn ń kó létíkun fún ilé kíkọ́ ń dá kún un. Ibi tí omi ti mọ yín ní orúnkún ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn lè ti di ọ̀gbun lónìí.

Kí ẹ tó sanwó ìwọlé, ẹ béèrè ohun mẹ́ta. Ǹjẹ́ àwọn adóòlà ẹ̀mí wà níbí lónìí? Ibo ni omi ti máa ń fa ènìyàn? Ibo ni ilé ìwòsàn tó súnmọ́ jù? Bí ẹni tó ń gba owó kò bá ní ìdáhùn, ẹ bi àwọn apẹja. Àwọn ará Kru ti jẹ́ atukọ̀ fún ọ̀pọ̀ ìran, àwọn Fanti tó wá láti Gánà náà sì ń pẹja ní etíkun yìí. Wọ́n mọ ibi tí àwọn fúnra wọn kì í wọ̀.

Kí ló ń gbé ènìyàn lọ gan-an?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé ìgbì gíga ni ọ̀tá. Ohun tó sábà máa ń pa ènìyàn ni ìṣàn omi tó ń padà sí agbami. Ìgbì yóò kó omi wá sétí iyanrìn. Omi náà yóò wá ojú ọ̀nà tóóró kan tí yóò gbà padà, yóò sì fa ẹni tó bá wà níbẹ̀ dání. Àwọn onímọ̀ nípa òkun ní Amẹ́ríkà sọ pé eré rẹ̀ lè tó mítà 2.4 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó ju eré olùwẹ̀ Olympic lọ.

Ojú ọ̀nà náà máa ń tan ènìyàn jẹ. Ìgbì lè máa fọ́ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kí àárín dákẹ́ rọ́rọ́, kí àwọ̀ omi ibẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀, kí ìfófòó sì máa lọ sí agbami. Ibi tó dákẹ́ yẹn ni òbí máa ń tọ́ka sí fún ọmọ pé kó ti lọ ṣeré. Ibẹ̀ gan-an ni kò yẹ kó dé.

Bí ó bá fa yín, ẹ má ṣe bá a jìjàkadì láti padà sílẹ̀ tààrà. Àárẹ̀ ló ń pa ènìyàn níbẹ̀. Ẹ sùn sẹ́yìn kí omi gbé yín léfòó, ẹ na ọwọ́ sókè kí ẹ sì ké. Bí ẹ bá lágbára, ẹ lúwẹ̀ẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́, ní ìbú etíkun, títí ẹ óò fi kúrò nínú ìṣàn náà, kí ẹ tó yí sí ilẹ̀ níbi tí ìgbì ti ń fọ́.

Ta ló ń ṣọ́ àwọn ọmọ?

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni omi pa ní ọdún 2021. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin wọn ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Àwọn orílẹ̀-èdè tí owó tó ń wọlé fún wọn kò pọ̀ ni èyí tó pọ̀ jù ti ṣẹlẹ̀.

Ọmọ tó ń rì kì í pariwo bí ti inú fíìmù. Ẹnu rẹ̀ wà nínú omi, kò lè ké. Nítorí náà, kò tó kí gbogbo àgbà wà nítòsí. Ohun tí gbogbo ènìyàn bá ń ṣọ́, ó lè jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ.

Ẹ yan àgbà kan tí yóò máa wo omi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, láìmu ọtí, láìwo fóònù. Kí ó tó dìde, kí ó fi orúkọ lé iṣẹ́ náà lọ́wọ́ fún ẹlòmíràn: "Bọ̀dá, ọwọ́ yín ló wà o." Ọmọ kékeré kò gbọdọ̀ jìnnà sí àgbà ju ibi tí ọwọ́ lè tó. Ẹni tó bá ti mu ọtí, kí ó jókòó sórí iyanrìn.

Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀

Ẹ má ṣe bẹ́ sómi lọ gba ẹni tó ń rì bí ẹ kò bá gba ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni omi máa ń gbé ẹni tó ń rì pẹ̀lú ẹni tó fẹ́ gbà á. Ẹ ju ohun tó ń léfòó sí i. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí a dé ní ìdérí pinpin, tí a so okùn gígùn mọ́, lè gba ẹ̀mí là, kò sì wọ́n. Ẹ gbé méjì dání láti ilé.

Bí wọ́n bá gbé e jáde tí kò mí, ẹ má tẹ ikùn rẹ̀, ẹ má sì dorí rẹ̀ kodò. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ẹ fẹ́ èémí sí i lẹ́nu. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ àárín àyà rẹ̀ ní ìgbà 30, kí ẹ tún fẹ́ èémí ní ìgbà 2, kí ẹ sì máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Kódà bó bá jí, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ilé ìwòsàn ELWA wà ní Paynesville, JFK wà ní Sinkor, Redemption sì wà ní New Kru Town.

Fún ẹni tó ń bọ̀ láti Nàìjíríà, Benin tàbí Tógò

Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fún yín ní àǹfààní láti wọ Làìbéríà láì gba físà, fún 90 ọjọ́. Ẹ mú ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá àti yẹ́lò káàdì dání. Pápákọ̀ òfurufú Roberts wà ní Harbel, ó sì lé ní 50 kìlómítà sí àárín gbùngbùn Monrovia. Nítorí náà, ẹ ṣètò ẹni tí yóò wá pàdé yín.

Dọ́là Làìbéríà àti dọ́là Amẹ́ríkà ni wọ́n ń ná pọ̀. Owó kéékèèké ti Làìbéríà ló wúlò jù fún kehkeh àti ẹni tó ń yan ẹja létíkun. Aago wọn fi wákàtí kan wà lẹ́yìn ti Èkó àti Cotonou, ọ̀kan náà sì ni pẹ̀lú ti Lomé.

Ní alẹ́ tó ṣáájú

Ẹ di omi mímu tó pọ̀, fìlà, aṣọ ìnura, oògùn tí ẹnikẹ́ni ń lò, àpò ìdọ̀tí, okùn àti kẹ́ẹ̀gì. Ẹ wọ àwọn ọmọ ní aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ tàn, bíi pupa tàbí ọsàn, nítorí pé aṣọ búlúù máa ń sọnù sínú omi. Ẹ tètè kúrò nílé, kí ẹ sì kúrò létíkun kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àwọn baba wa sọ pé omi kò lọ́tàá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n omi kò mọ ọ̀rẹ́ náà. Bí ẹ bá ń wọkọ̀ lọ, ẹ ka orí gbogbo ẹni tó bá yín lọ, kí ẹ sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ tún un kà kí ọkọ̀ tó ṣí padà sí Barnersville. Bí iye méjèèjì bá dọ́gba, ìsinmi náà ti dára.