Ejìnrìn àti àtọ̀gbẹ: Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó mu àgbo

Ejìnrìn wà lára ewé tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń mu fún àtọ̀gbẹ, ìyẹn ìtọ̀ ṣúgà. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́? Ṣé ẹni tó ń lo oògùn ọsibítù lè mu ún mọ́ ọn?

Kí ni ìwádìí sọ?
Ejìnrìn ní èròjà tó lè mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, àmọ́ agbára rẹ̀ lára èèyàn kò pọ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní Thailand ní 2011 fi hàn pé gíráàmù 2 èso ejìnrìn gbígbẹ lójúmọ́ dín ṣúgà kù díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó ti gíráàmù 1 oògùn metformin.

Ṣé ara ewé kọ́ ni metformin náà ti wá?
Ara ewé ni. Èròjà inú ewéko kan ní Yúróòpù, Galega, ló ṣí ọ̀nà rẹ̀. Májèlé wà nínú ewéko náà, ni àwọn onímọ̀ bá ṣe èyí tó jọ ọ́ tí kò léwu tó bẹ́ẹ̀. Dókítà Jean Sterne ti ilẹ̀ Faransé ló gbé iṣẹ́ rẹ̀ lára aláìsàn jáde ní 1957. Lónìí, a mọ iye tó wà nínú hóró kọ̀ọ̀kan. Ta ló mọ iye tó wà nínú ife àgbo kan?

Ibo ni ewu wà?
Tí ejìnrìn bá pàdé glibenclamide tàbí ínsúlíìnì lára, ṣúgà lè já wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kó má tó 70 mg/dL. Èèyàn á máa làágùn, ara á máa gbọ̀n, òòyì á máa kọ́ ọ, ó sì lè dákú. Tó bá ṣì mọ ara rẹ̀, ẹ fún un ní kúùbù ṣúgà 4 nínú omi, kí ẹ sì tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Tó bá ti dákú, ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu. Ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá.

Ewu kejì ni kéèyàn pa oògùn tì nítorí àgbo. Ṣúgà lè máa gòkè láìsí ìrora, kó sì máa ba ojú, kídìnrín àti ẹsẹ̀ jẹ́.

Kí ni kí ẹ ṣe?
Ẹ má dá oògùn yín dúró. Ẹ sọ gbogbo àgbo tí ẹ ń mu fún dókítà, ẹ má tijú. Kí aláboyún má mu àgbo ejìnrìn rárá.