Igi Máńgòrò Ẹ̀yìnkùlé àti Agbọ́n Tó Gbà Á Là

Ní gúúsù Tógò àti Bẹ̀nẹ̀, títí kan ilẹ̀ Yorùbá ní Kétu àti Àjàṣẹ́, igi máńgòrò kì í ṣe igi oko nìkan. Ibòòji àgbàlá ni, oúnjẹ ọmọdé ni, owó sì ni nígbà tí èso bá pọ́n. Ìdí nìyí tí kòkòrò àjèjì tó dé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 fi kọ́kọ́ jẹ́ ọ̀ràn agbolé kí ó tó di ọ̀ràn ìjọba.

Kòkòrò náà kéré, ohun funfun bí ìyẹ̀fun sì bò ó lára. Éṣíà ni ó ti wá. Ní ọdún 1986 ni àwọn onímọ̀ sọ ọ́ ní Rastrococcus invadens. Abẹ́ ewé ni ó máa ń wà, tí ó ń fa oje mu. Omi dídùn tí ó ń tú sílẹ̀ a kán sórí ewé ìsàlẹ̀, ohun dúdú bí èédú, tí ó jẹ́ ìbátan olú, a sì hù lé e. Ewé tí oòrùn kò kàn kò lè pèsè oúnjẹ fún igi. Igi tí ebi ń pa kì í sì í lè gbé òdòdó àti èso rẹ̀ dúró.

Àwọn ènìyàn gé ẹ̀ka, wọ́n sì fín oògùn, ṣùgbọ́n kòkòrò náà kò lọ. Ohun tí ó sọ ọ́ di alágbára ni pé ó ti fi àwọn ọ̀tá rẹ̀ sílẹ̀ ní ilé. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ṣe wá ọ̀tá rẹ̀ lọ sí Íńdíà. Wọ́n rí agbọ́n kín-ún kan, Gyranusoidea tebygi, tí kì í ta ènìyàn. Inú kòkòrò náà ni ó ń yé ẹyin sí. Ọmọ rẹ̀ a sì jẹ kòkòrò náà láti inú wá. Ní ọdún 1987 ni wọ́n tú u sílẹ̀ ní Tógò, lẹ́yìn náà ní Bẹ̀nẹ̀. Agbọ́n kejì, Anagyrus mangicola, tẹ̀ lé e ní ọdún 1991.

Ní ọdún 2002, Bokonon-Ganta àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò èrè iṣẹ́ náà ní Bẹ̀nẹ̀ sí nǹkan bí mílíọ̀nù 50 dọ́là lọ́dọọdún. Gbogbo ohun tí wọ́n ná kò tó mílíọ̀nù mẹ́rin.

Ìjà kò parí síbẹ̀. Ní ọdún 2004 ni eṣinṣin èso láti Éṣíà tún fara hàn ní Bẹ̀nẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn olùwádìí rí olùgbèjà kan tí ó ti wà lórí igi tẹ́lẹ̀: èèrà pupa tí ń rán ewé pọ̀ ṣe ilé, tí ń lé eṣinṣin náà kúrò lórí èso. Oògùn tí ó bá pa eṣinṣin lè pa èèrà náà pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá fẹ́ fín in gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ẹni tí ń ṣọ́ igi rẹ̀.