Akin Mábògùnjẹ́ àti Ohun Tí Ìlú Ń Jẹ

Onímọ̀ jọ́gíráfì ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀ pè é, ṣùgbọ́n ohun tí Akin Mábògùnjẹ́ ń wádìí nípa ìlú ńlá kò jìnnà sí iṣẹ́ onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé: kí ni ìlú ń jẹ, kí ló ń mu, ta ló sì ń san owó rẹ̀?

Kánò ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá ọdún 1931, àmọ́ ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni. Ó kàwé n'Ìbàdàn, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1961, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn lọ́dún 1965. Láyé ìgbà náà, àwọn òyìnbó kan gbà pé abúlé tó kàn fẹ̀ ni Ìbàdàn, torí pé àgbẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Mábògùnjẹ́ kò gbà. Nínú ìwé rẹ̀ *Urbanization in Nigeria*, tó jáde lọ́dún 1968, ó ní kì í ṣe pé oníṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ nìkan ló ń dá ìlú sílẹ̀. Alágbẹ̀dẹ kò ṣáà lè jẹ irin. Oúnjẹ oko gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí àgbẹ̀ ti jẹun. Àwọn aláṣẹ díẹ̀ gbọ́dọ̀ wà tí yóò máa gba èyí tó ṣẹ́ kù, tí wọn yóò sì pa àlàáfíà mọ́. Oníṣòwò sì gbọ́dọ̀ wà tí yóò máa kó irin, òwú àti awọ wá fún àwọn oníṣẹ́. Lójú tèmi, ẹni tó bá ti mọ Ọjà Ọba n'Ìbàdàn kò nílò ẹ̀rí míì.

Lọ́dún 1970 ó tún kọ̀wé lórí àwọn tó ń ti abúlé lọ sí ìlú. Ẹni tó lọ kò já okùn: owó àti ìròyìn tó ń fi ránṣẹ́ sílé ló ń pe ẹlòmíràn jáde.

Abuja ni wọ́n ti wá fi irú ìmọ̀ yìí sẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ Adájọ́ Akínọlá Agúdà jábọ̀ lórí ibi tó yẹ kí olú-ìlú wà, ìjọba Múrítàlá Mùhámọ́ọ̀dù ṣòfin olú-ìlú tuntun ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni wọ́n pa Múrítàlá. Ilẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún olú-ìlú náà tó nǹkan bí 8,000 kìlómítà níbùú lóròó. Mábògùnjẹ́ kó àwọn onímọ̀ Ìbàdàn lọ síbẹ̀ láti yẹ ilẹ̀, odò, igbó àti àwọn ènìyàn wò. Ìjọba ti kọ́kọ́ fẹ́ kó gbogbo àwọn Gbagyi àti àwọn mìíràn tí wọ́n bá níbẹ̀ kúrò. Nígbà tí wọ́n ṣírò owó gbà-máà-bínú, wọ́n yí ohùn padà.

Àwòrán ìlú náà jáde lọ́dún 1979: ènìyàn mílíọ̀nù 1.6 ni wọ́n gbèrò pé yóò wà níbẹ̀ lọ́dún 2000. Fún omi, wọ́n dí odò Usuma lẹ́bàá Bwari. Lọ́dún 1984 ni dáàmù náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, omi rẹ̀ sì tó mílíọ̀nù 100 kúbíìkì mítà. Nígbà tí olú-ìlú kó kúrò l'Ékòó ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá ọdún 1991, èrò wọ́ tẹ̀ lé e. Usuma kò tó mọ́, wọ́n ní láti fa omi láti dáàmù Gurara ní Ìpínlẹ̀ Kàdúná, nínú páìpù tó gùn tó kìlómítà 75.

Mábògùnjẹ́ ti fi Yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀ lọ́dún 1981. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó darí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ jọ́gíráfì àgbáyé, láti 1980 sí 1984. Lọ́dún 2017 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Vautrin Lud, tí àwọn onímọ̀ jọ́gíráfì kà sí Nobel tiwọn. Ó kú ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ ọdún 2022.

Síbẹ̀, ìbéèrè rẹ̀ nípa ẹni tó ń sanwó kò tíì tán: ní Nyanya àti Mararaba, lẹ́bàá Abuja, mẹ́ruwà, ìyẹn ẹni tó ń ta omi, ṣì ń ti ọmọlanke tó kún fún kẹ́ẹ̀gì lọ láti ojúlé dé ojúlé. Lítà kan lọ́wọ́ rẹ̀ wọ́n ju ti omi ẹ̀rọ lọ, tálákà ló sì ń rà á.