A Kì í Fárí Lẹ́yìn Olórí: Bí Wọ́n Ṣe Bẹ̀rẹ̀ sí í Díye Lé Àjogúnbá

Ní oṣù kẹfà ọdún 1947, Harold Hotelling, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ìṣirò àti ọrọ̀-ajé ní Yunifásítì North Carolina, kọ lẹ́tà sí àwọn aláṣẹ tó ń bójú tó àwọn ọgbà ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà. Ìdààmú àwọn aláṣẹ náà kò ṣòroó lóye. Ẹni tó fẹ́ gé igi gẹdú mọ iye tí pákó ń lọ lọ́jà. Ẹni tó fẹ́ sé odò mọ iye tí iná mànàmáná yóò mú wọlé. Ẹni tó ní kí igbó àti òkè wà bí Ọlọ́run ṣe dá wọn nìkan ni kì í ní iye kankan láti sọ bí ọ̀rọ̀ bá dé iwájú àwọn tó ń pín owó ìjọba, nítorí ọ̀fẹ́ ni aráàlú fi ń wọ ọgbà, tàbí kí wọ́n san owó tí kò tó nǹkan.

Hotelling ní kí wọ́n fa òbìrí yí ọgbà náà ká, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, kí wọ́n wá ka iye àlejò tó ń ti inú òbìrí kọ̀ọ̀kan wá àti iye tí ìrìnàjò ná wọn. Ká ní Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ni à ń sọ. Ará Òṣogbo lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Ará Ìbàdàn yóò wọ mọ́tò. Ará Èkó yóò wọ mọ́tò, yóò ti ìsọ̀ rẹ̀ pa, yóò sì wá ibi sùn mọ́jú. Bí ará Èkó bá ṣì ń wá pẹ̀lú gbogbo èyí, a jẹ́ pé ohun tó ń rí níbẹ̀ tó ohun tó ń ná, bí kò bá jù ú lọ. Owó ọkọ̀ ti di owó ìwọlé tí ẹnikẹ́ni ò kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó fi máa di 1959, Marion Clawson ti ilé ìwádìí Resources for the Future ní Washington ti sọ àbá inú lẹ́tà yìí di iṣẹ́ tí olùwádìí lè gbé lọ sí pápá.

Ẹni tó wá nìkan ni ọ̀nà yìí sì ń kà. Ẹni tó jókòó sílé rẹ̀, tí inú rẹ̀ máa bàjẹ́ bí igbó náà bá jóná, kò sí nínú ìṣirò. Lọ́dún 1947 kan náà, Siegfried von Ciriacy-Wantrup ní Berkeley ti dábàá pé kí wọ́n kúkú bi aráàlú léèrè iye tí wọ́n lè san. Robert Davis ló kọ́kọ́ dán an wò gidi. Ó lọ bá àwọn ọdẹ àti àwọn tó ń pàgọ́ nínú igbó Maine, ó sì fi iṣẹ́ náà gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Harvard ní 1963. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, John Krutilla, tí òun náà wà ní Resources for the Future, sọ ọ̀rọ̀ tó yí gbogbo rẹ̀ padà. Ó ní àwọn ènìyàn wà tó ṣe tán láti ná owó kí nǹkan kan má bàa parun, bí wọn ò tilẹ̀ ní fojú kàn án láéláé. Pé nǹkan náà wà láyé ti tó wọn.

Aráyé ti fi owó ọwọ́ wọn sọ bẹ́ẹ̀ kí Krutilla tó kọ ọ́ sínú ìwé. Nígbà tí Íjíbítì fẹ́ sé odò Náílì ní Aswan, omi yóò bo àwọn tẹ́ńpìlì Nubia tí àwọn mìíràn nínú wọn ti lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọdún. Ní oṣù kẹta 1960, UNESCO pe gbogbo ayé pé kí wọ́n dáwó, nǹkan bí orílẹ̀-èdè 50 sì dá a. Láàárín 1964 sí 1968, wọ́n fi ayùn rẹ́ àwọn ère ńlá Ramses ní Abu Simbel sí bùlọ́ọ̀kù bùlọ́ọ̀kù, wọ́n kọ nọ́ńbà sára wọn, wọ́n gbé wọn gòkè ní mítà 65, wọ́n sì tún wọn tò bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀. Íjíbítì fi tẹ́ńpìlì Dendur ta Amẹ́ríkà lọ́rẹ, inú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní New York ló sì wà di òní. Iṣẹ́ ribiribi ni. Àmọ́ àwọn ará Nubia fúnra wọn, nǹkan bí 100,000 ènìyàn ní Íjíbítì àti Sudan, ni wọ́n kó kúrò létí odò lọ síbi tí wọn kò mọ̀ rí. Abúlé wọn àti oko ọ̀pẹ déètì wọn wà nísàlẹ̀ omi. Ní ti ilé Nubia, ẹni tó ń kó wọn lọ náà ló dá iye lé e.

Ìbéèrè tí ó yẹ kí òǹkàwé máa bi ìtàn yìí bó ṣe ń lọ nìyí: ta ni wọ́n bi?

Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta 1989, ọkọ̀ òkun Exxon Valdez forí sọ àpáta ní Prince William Sound ní Alaska, epo rọ̀bì tó tó nǹkan bí mílíọ̀nù 11 gálọ́ọ̀nù sì dà sómi. Ìjọba ìpínlẹ̀ Alaska gbé iṣẹ́ fún Richard Carson, Robert Mitchell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn pé kí wọ́n wádìí iye ohun tó bàjẹ́. Wọ́n lọ láti ojúlé dé ojúlé káàkiri Amẹ́ríkà, wọ́n fi àwòrán han àwọn ènìyàn tí ọ̀pọ̀ wọn kò dé Alaska rí, wọ́n sì bi wọ́n bóyá wọ́n lè san owó-orí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kí irú rẹ̀ má bàa ṣẹlẹ̀ mọ́. Dọ́là 31 ni iye tí ó wà láàárín gbùngbùn ìdáhùn wọn. Nígbà tí wọ́n fi iye ìdílé tó wà lórílẹ̀-èdè náà sọ ọ́ di púpọ̀, ó di bílíọ̀nù 2.8 dọ́là. Lọ́dún 1991, Exxon gbà láti san nǹkan bí bílíọ̀nù kan fún ìjọba.

Iléeṣẹ́ epo náà kò dákẹ́. Ó gba àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé tirẹ̀, wọ́n sì mú iṣẹ́ àwọn Carson wá sábẹ́ àtùpà. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn ẹ̀rí tó jáde nígbà yẹn ni ti àwọn ẹyẹ: wọ́n bi àwọn kan léèrè iye tí wọ́n máa san kí ẹyẹ 2,000 má bàa kú, wọ́n bi àwọn mìíràn nípa 20,000, wọ́n bi àwọn kẹta nípa 200,000, ìdáhùn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà. Ìjọba Amẹ́ríkà wá pe ìgbìmọ̀ kan jọ, Kenneth Arrow àti Robert Solow, àwọn méjèèjì tó ti gba ẹ̀bùn Nobel, ló ṣe alága rẹ̀. Ní 1993 wọ́n dájọ́ pé iye tí wọ́n rí lọ́nà báyìí lè wọ ilé ẹjọ́ bí wọ́n bá ṣe é dáadáa. Kí ìbéèrè jẹ́ ojúkojú. Kí ó jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Kí wọ́n rán ènìyàn létí pé òun ní nǹkan mìíràn láti fowó rẹ̀ ṣe. Kí wọ́n sì máa béèrè èló lo máa san, kì í ṣe èló lo máa gbà, nítorí ti àkọ́kọ́ kì í wú ju bó ṣe yẹ lọ.

Níbo ni àwọn onílẹ̀ wà nínú gbogbo èyí? Àwọn ọmọ onílẹ̀ Alaska tí ń jẹ ẹja àti ẹran inú òkun yẹn, tó jẹ́ pé ibi ìpẹja ni àgbà ti ń kọ́ ọmọdé ní ìtàn ìdílé, gbé ẹjọ́ tiwọn lọ. Owó ẹja tí wọn kò rí pa ṣeé jíròrò. Nígbà tí wọ́n ní kí Exxon san ti àṣà àti ìgbé-ayé àwọn tó bàjẹ́, adájọ́ dà á nù ní 1994, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì fọwọ́ sí i ní 1997. Ẹ wò ó: ìbànújẹ́ ará Ohio tí kò mọ ọ̀nà Alaska rí iye gbà, ti ẹni tó ń jẹun nínú omi náà kò rí.

Láàárín ìgbà yẹn gan-an, ọ̀rọ̀ míì ń lọ lọ́wọ́ ní Ọsirélíà, òun ni mo sì kà sí ojúlówó ẹ̀kọ́ nínú gbogbo ìtàn yìí. Òkè kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà Kakadu tí àwọn òyìnbó ń pè ní Coronation Hill, tí àwọn Jawoyn tó ni ilẹ̀ ń pè ní Guratba. Wúrà, platinum àti palladium wà nínú rẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ bi àwọn ará Ọsirélíà iye tí wọ́n lè san lọ́dọọdún, fún ọdún mẹ́wàá, kí wọ́n má bàa wa kùsà níbẹ̀. Ìdáhùn wà láàárín dọ́là 52.80 sí dọ́là 123.80 fún ẹnì kan. Fi iye àgbàlagbà Ọsirélíà sọ ọ́ di púpọ̀, yóò bo èrè kùsà náà mọ́lẹ̀ pátápátá. Ó pọ̀ débi pé kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Àwọn awakùsà fi ṣẹ̀fẹ̀, ìgbìmọ̀ fúnra rẹ̀ kò sì gbé ìmọ̀ràn rẹ̀ kà á.

Àwọn àgbààgbà Jawoyn kò dárúkọ owó. Wọ́n ní Bula, ẹ̀mí alágbára tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún, wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ yẹn, pé bí wọ́n bá dà á láàmú, àìsàn àti ìparun ni yóò bá ayé. Ní oṣù kẹfà 1991, olórí ìjọba Bob Hawke tẹ́tí sí wọn. Ọ̀pọ̀ àwọn mínísítà rẹ̀ ni kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n kò wa kùsà, wọ́n sì fi Guratba kún ọgbà Kakadu. Àwọn kan á ní ìgbàgbọ́ ló borí ìmọ̀. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò ni ilẹ̀ ni wọ́n bi léèrè owó, ó sì dá owó. Nígbà tí wọ́n wá bi onílẹ̀, ó sọ ìdí. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí, Hawke kò sì fá ti Jawoyn lẹ́yìn wọn.

Láti ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé àyíká ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé irinṣẹ́ wọn láti inú igbó wá sínú ìlú. Ní Norway, Ståle Navrud àti Jon Strand wádìí ohun tí èéfín ń fi òkúta Kàtídírà Nidaros ṣe àti iye tí ènìyàn máa san kó má bàa jẹrà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ken Willis ṣe irú rẹ̀ ní Kàtídírà Durham. Ní Copenhagen, ìwádìí fi hàn pé àwọn tí kì í wọ gbọ̀ngán eré ọba tó wà níbẹ̀ rárá ṣe tán láti san owó-orí fún un. Fún ìlú àtijọ́ Fes ní Morocco, àwọn àlejò tó wá sí Morocco ni wọ́n bi, wọ́n sì tún béèrè èrò àwọn onímọ̀ nípa ti Yúróòpù. Ìdí wà fún un: wọ́n fẹ́ mọ iye tí ẹni òkèèrè lè fi ran àtúnṣe lọ́wọ́. Àmọ́ àwọn tó ń pọn omi, tó ń ṣe awọ, tó ń bímọ láàárín ògiri Fes kọ́ ni nọ́ńbà náà ń sọ̀rọ̀ nípa wọn. Kódà bí wọ́n bá tiẹ̀ bi wọ́n, ẹni tó ní 500 náírà lápò kò lè ní òun yóò san 5,000, bó ti wù kí nǹkan náà ká a lára tó. Ọ̀nà yìí ń gbọ́ ohùn olówó ketekete. Ti tálákà kì í dé etí rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìtàn Stonehenge ló burú jù, ó sì tún pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Títì A303 gba ẹ̀gbẹ́ àwọn òkúta náà kọjá, ariwo mọ́tò ò sì jẹ́ kí ibẹ̀ gbádùn mọ́ àlejò. Láti ìparí àwọn ọdún 1990, David Maddison àti Susana Mourato ti bi aráàlú iye tí wọ́n máa san kí títì náà gba abẹ́ ilẹ̀. Nígbà tí ìjọba wá fẹ́ gbẹ́ ihò náà gidi ní ọdún 2017 síwájú, wọ́n tún béèrè, wọ́n sì rí iye tó súnmọ́ bílíọ̀nù kan pọ́n-ùn gẹ́gẹ́ bí èrè àjogúnbá. Òun ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú gbogbo èrè tí wọ́n kọ sílẹ̀. Bí a bá yọ ọ́, iṣẹ́ náà kò pé. Lójú UNESCO àti ọ̀pọ̀ àwọn awalẹ̀pìtàn, ẹnu ihò náà yóò ya inú ilẹ̀ àjogúnbá kan náà wọ́n-ìn. Ìfẹ́ tí àwọn ènìyàn ní sí Stonehenge ni wọ́n fẹ́ fi gbẹ́ ilẹ̀ Stonehenge. Ilé ẹjọ́ wọ́gi lé àṣẹ náà ní 2021, ìjọba tún fún un láṣẹ ní 2023, nígbà tó di oṣù keje 2024, ìjọba tuntun pa á tì nítorí owó.

Láàárín rògbòdìyàn yẹn náà, ní oṣù kìíní 2021, iléeṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń bójú tó àṣà gbé ìlànà jáde pé kí wọ́n máa ka àṣà àti àjogúnbá sí ọrọ̀ tó ń mú èrè wá lọ́dọọdún, kí ilé ìṣúra lè máa rí i nínú ìṣirò rẹ̀. Ibi tí lẹ́tà Hotelling bá ọ̀rọ̀ dé nìyẹn lẹ́yìn ọdún 74.

Ọ̀rọ̀ wá kàn wá. Igbó Ọ̀ṣun, hẹ́kítà 75, wọ ìwé àjogúnbá àgbáyé ní 2005, Àdùnní Olórìṣà, òyìnbó oníṣẹ́ ọnà tó di olórìṣà, sì ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ dáàbò bò ó kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Àwọn tó ń wa wúrà lókè odò ti sọ omi rẹ̀ di pípọ́n. Ní ọdún 2022, àwọn aláṣẹ kìlọ̀ fún àwọn tó wá sọ́dún Ọ̀ṣun pé kí wọ́n má mu omi odò tí wọ́n wá torí rẹ̀. Wúrà ní iye lójoojúmọ́ ní London. Bí àwọn olùwádìí wa ní Ìbàdàn àti Ilé-Ifẹ̀ bá fẹ́ wá iye fún Ọ̀ṣun, kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àlejò tó ya fọ́tò. Kí wọ́n kọ́kọ́ lọ bá Ìyá Ọ̀ṣun, Àwòrò àti àwọn obìnrin tó ń pọn omi ìwòsàn. Kí wọ́n má sì bi wọ́n pé èló ni wọ́n máa san kí odò wọn lè mọ́, tiwọn ni. Èló ni wọ́n máa gbà kí ó bàjẹ́ ló yẹ kí wọ́n bi wọ́n, kí àyè sì wà nínú fọ́ọ̀mù náà fún ẹni tó bá dáhùn pé kò sí ní títà.